Ibà Màmá Lọ, Ewu Dé

Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ pé, "Màmá, ibà ti lọ. Ẹ máa lọ sílé, ẹ lọ yan ẹja yín." Mo ṣe nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìn tì ní etíkun Ìlàjẹ, mi ò sọ ọ̀rọ̀ tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni Fúnmi fi ọkọ̀ ojú omi gbé ìyá rẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn kékeré wa láti Abereke. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ara rẹ̀ kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, orí ò fọ́ ọ. Ohun tí Fúnmi rí sọ ni pé Màmá ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lórí afárá pákó tó ti ń rìn láti kékeré, àti pé ó dáná sábẹ́ ààrò, ó jókòó tì í, kò gbé ẹja kankan sí i.

"Màmá, kí lẹ wá ń yan?"

"Èéfín," ló dá mi lóhùn. Ẹ̀rín pa wá.

Mo yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí màléríà níbẹ̀. Mo ní ọjọ́ orí ni. Nígbà tó tu itọ́ pupa, mo ní obì ni. Ta ni ò mọ Màmá mọ obì? Lọ́jọ́ kẹta ara rẹ̀ tutù, mo bá ní kí wọ́n máa lọ.

Wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n lọ tí dókítà tó máa ń bẹ̀ wá wò fi pè mí lórí fóònù. Mo ròyìn Màmá fún un, títí kan itọ́ pupa, mo sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ èéfín yẹn pa á lẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ rí obì lẹ́nu rẹ̀?"

Háà! Ẹni tí ò lè jẹ ẹ̀kọ fún ọjọ́ mẹ́ta, obì wo ló fẹ́ jẹ?

"Ó lè jẹ́ dẹ́ńgì, ibà kan tí ẹ̀fọn ń kó ranni," ló wí. "Ara àgbàlagbà lè má gbóná púpọ̀. Ó lè jẹ́ pé ṣe ni wọ́n á kàn máa ṣubú, tí ọkàn wọn á máa dàrú. Ìgbà tí ibà bá lọ yẹn gan-an lewu ń dé. Ẹ wá a lọ!"

Mo fò sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Bàtà mi kan bọ́ sómi, mi ò bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí mo débẹ̀, Màmá ń di ikùn mú, Fúnmi sì ti tú oògùn ara ríro tó rà ní kẹ́míìsì sọ́wọ́.

"Má fún un o! Ó lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára rẹ̀! Ilé ìwòsàn ńlá là ń lọ."

Màmá kọ̀ jálẹ̀. "Ìwọ lo ní kí n máa lọ sílé. Ìwọ náà lo tún ní kí n dìde. Èwo ni ká gbà níbẹ̀?"

Àwọn aládùúgbò ń wò mí. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ parọ́. Mo kúnlẹ̀.

"Màmá, mo ṣìṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àṣìṣe mi pa yín."

Ó na ọwọ́ sí wa. "Ẹ gbé mi," ló wí.

Àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ńlá fi hàn pé dẹ́ńgì ni lóòótọ́, ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n sì fi ń rọra fa omi sí i lára. Dókítà ní ọ̀sán ni ẹ̀fọn dẹ́ńgì ń jẹni, inú omi tó mọ́ ló sì ń yé ẹyin sí. Àwa tí omi wa níyọ̀, ta ni ò ní dúrọ́ọ̀mù omi òjò lẹ́nu ọ̀nà? Láti ìgbà náà, tí mo bá wọlé onílé, dúrọ́ọ̀mù ni mo kọ́kọ́ ń wò bóyá wọ́n dé e. Wọ́n fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ títí dòní.

Ọjọ́ tí Màmá padà sílé ni mo bi í léèrè ohun tó mú kó gbà tẹ̀ lé mi.

"Láti ìgbà tí mo ti ń gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ yín," ló wí, "kò sí nọ́ọ̀sì tó sọ fún mi rí pé òun ṣìṣe. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ báyìí, mo mọ̀ pé ikú ti dé ẹnu ọ̀nà lóòótọ́."