Họ́ọ̀sì Bàbá Kòjò

Ẹni tí kò ṣàṣìṣe rí, ẹ máa bẹ̀rù rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kan wà nínú ọgbà tí wọ́n ti ń kan róbọ́ọ̀tì tó ń jà. Bàbá Kòjò ni gbogbo wọn ń pè é. Ìjà àwọn ẹ̀rọ yìí kò ṣòro láti ṣàlàyé: wọ́n á ti méjì mọ́ inú àgò irin, àwọn méjèèjì á máa fi ayùn àti òòlù fa ara wọn ya, èrò á sì máa hó yèè. Àwọn kan nínú wọn ní apá tí afẹ́fẹ́ ń tì, èyí tí wọ́n fi ń gbé ọ̀tá sókè kí wọ́n tó sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Inú sílíńdà onírin ni wọ́n ń fún afẹ́fẹ́ náà sí. Bí sílíńdà bá jò, apá á rọ jọwọlọ. Bí kò bá lè gba agbára afẹ́fẹ́, á bẹ́, kò sì mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ kankan kò fi gbọdọ̀ wọ àgò láìjẹ́ pé Bàbá Kòjò ti yẹ sílíńdà rẹ̀ wò, kó sì fi ọ̀dà pupa sàmì sí i lára.

Ó mọṣẹ́, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Omi ló kọ́kọ́ máa ń fún sínú sílíńdà, torí irin tó kún fún omi kàn máa ń ya ni, kò ní fò sí ni lójú. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa so họ́ọ̀sì, rọ́bà gígùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, mọ́ ọn, á ṣí i, á tì í pa, á ká apá mọ́ àyà, á tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ géèjì tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá mira, á fi kànìnkànìn bu omi ọṣẹ pa sílíńdà lára. Ibi tí ìfófó bá ti yọ, ibẹ̀ ló ń jò. Bí abẹ́rẹ́ bá dúró gbọn-in, á ní, "Kò jò." Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn géńdé ọkùnrin máa ń dúró dè bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. Kò sọ ọ́ rí kí abẹ́rẹ́ tó fọwọ́ sí i.

Nílé rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rọ omi ilé ìdáná ń kán tó, tó, tó látọdún mọ́dún. Bí ìyàwó rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, á ní òun ń bọ̀ wá wò ó. Nígbà tó sú obìnrin náà, ó gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ ló dàgbà sí. Bàbá ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi gírísì pa òrùka rọ́bà kí ó má baà lọ́ nígbà tí wọ́n bá ń tì í sáyè rẹ̀. Ọmọ náà ti fi ọdún kan gbáko kan ẹ̀rọ tirẹ̀, ó sọ ọ́ ní Má-fọwọ́-kàn-mí. Ìdíje tọdún yìí nìkan ló sì lè bá pàdé, torí iṣẹ́ ti ń dúró dè é ní ìlú mìíràn. Bí èyí bá bọ́, ó bọ́ nìyẹn.

Ní ọjọ́ ìdíje, òun ló kọ́kọ́ dé ìdí tábìlì bàbá rẹ̀.

"Ìwọ, bọ́ sẹ́yìn," ni bàbá wí. "Wọn ò ní sọ pé mo gbè sẹ́yìn ọmọ mi."

Ọmọ bọ́ sẹ́yìn pátápátá. Ní gbogbo ọjọ́ náà ni bàbá ń yí họ́ọ̀sì mọ́ sílíńdà oníkálukú, tó tún ń yí i kúrò. Nígbà tó máa fi kan ọmọ rẹ̀, wọ́n ti fẹ́ ti ilẹ̀kùn ìdíje. Sílíńdà kọ́kọ́ yege ìdánwò omi. Ó kan afẹ́fẹ́, abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bọ̀ wálẹ̀.

"Ó ń jò."

Ọmọ tú u, ó fi rọ́bà tuntun sí i, ó gbé e padà. Ó ń jò. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ń jò.

"Bàbá mi, ẹ ti fi ọṣẹ pa á látòkè délẹ̀, kò yọ ìfófó kankan. Ibo ló wá ń gbà jò?"

"Èyí tó fara pamọ́ ló burú jù."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yẹ họ́ọ̀sì yín wò."

"Họ́ọ̀sì tèmi?" Àwọn èèyàn yíjú padà. "Kí wọ́n tó bí ẹ ni họ́ọ̀sì yìí ti ń sọ òótọ́!"

Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọmọ náà lọ jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí bàbá, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Ó dun bàbá o. Ṣùgbọ́n ká má parọ́, adùn kan wà nínú dídùn náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú lọ. Alága ìdíje ti gbé gbohùngbohùn: "Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún bàbá tó já ọmọ bíbí inú ara rẹ̀ kulẹ̀ nítorí òtítọ́!" Gbogbo èrò dìde. Bàbá Kòjò tẹ orí ba, ó juwọ́, ó sì yíjú sí kíkó irinṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè rí i pé onírẹ̀lẹ̀ ni.

Ó fi ìdérí dí ẹnu họ́ọ̀sì bó ti máa ń ṣe tí iṣẹ́ bá parí, ó fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i. Ojú rẹ̀ ṣèèṣì lọ sí géèjì. Abẹ́rẹ́ ń yọ́ bọ̀ wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí sílíńdà kankan lẹ́nu họ́ọ̀sì. Ó bu omi ọṣẹ pa á lẹ́nu. Ìfófó yọ, ó funfun báláú. Yíyí àárọ̀, yíyí ọ̀sán, rọ́bà inú rẹ̀ ti jẹ tán.

Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èrò ṣì ń pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó rí i. Ó tilẹ̀ ti mú àkísà láti nu ìfófó náà nù. Ìgbà náà ló wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀, ojú tì í, inú rẹ̀ bàjẹ́.

Ó lọ gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ alága. "Ẹ dáwọ́ àtẹ́wọ́ yẹn dúró. Sílíńdà ọmọ mi kọ́ ló ń jò. Họ́ọ̀sì mi ni."

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá Ńjò!" Bí orúkọ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ṣe wó nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín máa ń tu alága lára, ó sì ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn padà.

Ọmọ náà dé ìdí tábìlì. Ó yọ rọ́bà tó ti jẹ, ó fi gírísì pa tuntun, ó tì í wọlé, ó fi ọṣẹ pa họ́ọ̀sì bàbá rẹ̀, ó ká apá mọ́ àyà, ó tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́. Ó jẹ́ kí bàbá dúró pẹ́ ju bí bàbá ṣe dá ẹnikẹ́ni dúró rí.

"Kò jò," ló wí níkẹyìn.

Wọ́n wá yẹ sílíńdà tirẹ̀ wò. Abẹ́rẹ́ dúró gbọn-in. Bàbá fi ọ̀dà pupa sàmì sí i lára.

Má-fọwọ́-kàn-mí wọ àgò, wọ́n sì fọwọ́ kàn án. Kí àwọn tó dìde kí i tó jókòó padà, ayùn ọ̀tá ti já bẹ́líìtì rẹ̀, ó ti gé táyà rẹ̀ kan dànù. Apá tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀ kò rí àyè na ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọmọ náà kó àfọ́kù irin sínú àpò wá sídìí tábìlì. Ó mú sílíńdà jáde, ó gbé e kalẹ̀. Kò ju pé ara rẹ̀ bó díẹ̀ lọ.

"Ṣé ó dùn ẹ́?" ni bàbá bi í.

"Lílù tí wọ́n lù mí nínú àgò kò dùn mí, Bàbá mi. Ìjà ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ́ ẹ sọ pé ó ń jò, tẹ́ ẹ ò gbọ́ tèmi, ìyẹn ló dùn mí."

"Má bínú, ọmọ mi."

Bàbá gbé sílíńdà náà lé àtẹ́lẹwọ́. Kò wá géèjì, kò wá ọṣẹ. "Kò jò," ló wí.

Ọmọ rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹ ò tíì wò ó, Bàbá mi."

Ó fa kànìnkànìn mọ́ra, ó tì í bọ omi ọṣẹ. Ara họ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ fi í pa.