Àdúrà fún Kòkòrò

Nígbà tí mo lóyún ọmọ mi, kòkòrò àìsàn wọ ilé ìtọ̀ mi, dókítà sì ní dandan ni kí n lo oògùn apakòkòrò. Mo lò ó, ara mi yá. Ìgbà tí mo bímọ tán ni nọ́ọ̀sì alábẹ́rẹ́ àjẹsára wá ṣàlàyé pé oògùn náà kì í mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ó lè dín àwọn kòkòrò rere tí ìyá máa ń fún ọmọ kù, àwọn tó ń báni mú oúnjẹ dà nínú.

"Ẹ má bẹ̀rù," ó ní. "Ó dáa bí ẹ ṣe lò ó. Ọmú ni kí ẹ ṣáà máa fún un, wọ́n á tún pọ̀."

Ta ló ń gbọ́ ẹ má bẹ̀rù? Bí àwọn aládùúgbò wa ní Bódìjà ṣe ń sin adìẹ ni èmi ń fi ọmú sin kòkòrò nínú ọmọ mi.

Àfi bí ọmọ ò ṣe yàgbẹ́ mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Nọ́ọ̀sì ní ọmọ tó ń mu ọmú nìkan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Oògùn tí mo lò ni mo ń rò. Ìyá ọkọ mi, tó wá láti Mọ́níyà láti máa bá wa wẹ ọmọ, fẹ́ fún un ní àgbo. Mo kọ̀. Ni màmá bá ránṣẹ́ pe pásítọ̀ wọn.

Pásítọ̀ dé nínú aṣọ funfun báláú. Wọ́n gbé ọmọ lé itan, wọ́n gbọ́wọ́ lé e níkùn.

"Gbogbo kòkòrò tó wà nínú ọmọ yìí, ẹ kú!"

"Àmín," màmá dáhùn. Ọkọ mi náà ṣe Àmín, ọ̀dàlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni mo wí, "ẹ má pa gbogbo wọn."

Màmá wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ irú ẹni tí ọmọ òun fẹ́. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹkún sì ń gbọ̀n mí. Pásítọ̀ ní kò sí wàhálà, àwọn á yà wọ́n sọ́tọ̀.

"Kòkòrò burúkú, ẹ jáde. Ẹ̀yin kòkòrò rere, ẹ jókòó, ẹ pọ̀ sí i, ẹ ṣiṣẹ́ yín."

Àmín tèmi ló ròkè jù.

Inú ọmọ dún gbùrù. Ìgbẹ́ dé, ó pọ́n rúsúrúsú, ó gba ẹ̀gbẹ́ ìlédìí jáde, ó dà sórí aṣọ funfun. Pásítọ̀ wo itan wọn.

"Wọ́n mà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́," wọ́n ní.

Mo gba ọmọ mi tòun tìgbẹ́, mo gbá a mọ́ra, mo sunkún ayọ̀. Màmá ti gbé omi dé láti fọ ṣòkòtò pásítọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò tíì fọwọ́ kàn án.

"Ìyàwó mi," màmá ní, "ṣé a lè fi ọṣẹ sí i, àbí wọ́n á kú?"