Ìdajì Ojú-Ìwé Kẹrin

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Àrùn kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọlẹ̀ ní Houston níbí, a ṣì ń fi ìbòmú sápò kiri, nígbà tí a gbọ́ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò wa fẹ́ pa kíláàsì saikọ́lọ́jì ìrọ̀lẹ́ rẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí níbẹ̀ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí lè rẹ́rìn-ín bó bá wù yín. Iléeṣẹ́ epo tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Westchase ti ní kí n máa lọ sílé. Mo ti fi gbogbo ọjọ́ ayé mi wọn páìpù, ó wá wù mí kí n mọ nǹkan díẹ̀ nípa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ nípa mi ni pé mo ti jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nílé láyé àwọn sọ́jà. Mo ti fa afẹ́fẹ́ tajútajú símú, mo ti sun àtìmọ́lé rí, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kíláàsì gbàgbé rẹ̀. Uncle Comrade ni àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín wa ń pè mí. Mo gbádùn orúkọ náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Títílayọ̀ wà lára wọn. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Stafford ló ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá kúrò níbẹ̀ láago mẹ́rin, á lọ gbé àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ní daycare, á já wọn sọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀, á wá sáré wọ kíláàsì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára. Kọ́ọ̀sì méjì péré ló kù fún un: ọ̀kan lórí bí ènìyàn ṣe ń dàgbà láti ìkókó títí dọjọ́ ogbó, èkejì lórí àìsàn ọpọlọ. Yunifásítì kan ti ní àwọn máa gbà á láti kọ́ iṣẹ́ olùdámọ̀ràn, bó bá ti lè parí méjèèjì lọ́dún yẹn. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ló sì ráyè. Bí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ bá lọ, àyè rẹ̀ lọ nìyẹn.

A pinnu láti kọ ìwé ẹ̀hónú sí ìgbìmọ̀ tó ń darí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Akọ̀wé wọn sọ fún wa pé bí a bá mú ojú-ìwé mẹ́rin wá tí orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ìbuwọ́lù àwọn ará àdúgbò kún inú rẹ̀, àwọn á gbé ọ̀rọ̀ wa sórí ètò ìjókòó kí àwọn tó dìbò. Títílayọ̀ kó ojú-ìwé mẹ́ta. Gbogbo Sátidé ló fi ń kan ilẹ̀kùn apartment lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan ní Westchase, ó ń ṣàlàyé títí ohùn rẹ̀ fi há. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi ìkẹrin sílẹ̀ fún. Mo ní ṣọ́ọ̀ṣì mi nìkan tó o.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì náà ní Stafford. Àwọn ènìyàn ń yára lọ sílé. Ìyá kan gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ tirẹ̀, ó sì kọ tọkọ rẹ̀ sí i.

"Mummy, ẹ jẹ́ kí Daddy fúnra wọn wá sign," ni mo wí.

"Daddy wà ní Rosenberg, wọ́n lọ tún mọ́tò ṣe. Ṣé èmi àti wọn kì í ṣe ọ̀kan náà ni?"

A jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọgbà ìgúnkọ̀sí ṣófo, ìdajì ojú-ìwé ni mo ní. Mo wọnú mọ́tò mi, mo sì kọ ìdajì tó kù fúnra mi. Bírò mẹ́ta ni mo lò, búlúù kan, dúdú méjì. Mo tiẹ̀ fi ọwọ́ òsì kọ díẹ̀ níbẹ̀. Orúkọ àwọn tí mo mọ̀ ni gbogbo wọn, mo sì kọ nọ́ńbà fóònù wọn gan-an sí i.

Ní yunifásítì wa nílé, bí olùkọ́ bá gbé ìwé orúkọ kiri kíláàsì, ẹni tó wá ló ń buwọ́ lù ú fún ẹni tí kò wá. A kò kà á sí irọ́ rárá. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá pe àwọn ènìyàn yìí, gbogbo wọn ló máa ní kí n kọ orúkọ àwọn. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí tí mo fi ṣe é nìyẹn. Ojú ló ń tì mí pé kí odidi Comrade mú ìdajì ojú-ìwé wá.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e fún Títílayọ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀.

"Uncle, ẹ ṣé gan-an. But ẹ má bínú o, ṣé àwọn tó ni names yìí ló sign ẹ̀ fúnra wọn?"

"Àbí ìwọ ọmọ yìí! Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní struggle ni?"

"Rárá o, sir. It's just that àwọn ènìyàn ibí máa ń check nǹkan."

"Jẹ́ kí wọ́n check. Àwọn ló sign ẹ̀. Fọkàn balẹ̀."

"Okay, sir. Tí ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀."

Ó fi í sínú fáìlì. Ká ní ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e fún un ni, á tún bi í lẹ́ẹ̀kejì. Èmi kọ́ ló lè bi léèrè lẹ́ẹ̀mejì, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń jágbe mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ ìjókòó, Títílayọ̀ ló sọ̀rọ̀ fún wa. Kò wo ìwé kankan. Ó sọ nípa bàbá arúgbó kan tó ń tọ́jú, tó máa ń sunkún bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ń pariwo mọ́. Ó ní kíláàsì yìí ló kọ́ òun láti jókòó tì í, kí òun di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí òun má bá a jiyàn. Mo wo ojú àwọn ìgbìmọ̀, mo sì mọ̀ pé a ti ń borí.

Ìgbà náà ni alága wọn gbé ojú-ìwé kẹrin sókè. Kò bínú, ohùn rẹ̀ tiẹ̀ tutù. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ òun pe mélòó kan nínú àwọn ènìyàn yìí láàárọ̀, wọ́n sì ní àwọn kò rí ìwé kankan rí. Ó béèrè ẹni tó gba orúkọ náà.

Ìlà kẹta ni mo jókòó sí. Títílayọ̀ kò bojú wẹ̀yìn wò mí. Ó tẹjú mọ́ bébà náà, ó sì sọ pé, "Èmi ni mo kó gbogbo rẹ̀ wá, ma'am."

Ó yẹ kí n dìde. Ohun tí mo ní láti ṣe kò ju ìyẹn lọ. Èmi tí mo dojú kọ sọ́jà rí, n kò lè dìde níwájú ènìyàn méje tó jókòó sídìí tábìlì, tí kò sẹ́ni tó gbébọn dání nínú wọn. Mo wo bàtà mi. Wọ́n fi ìwé wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì dìbò pé kí wọ́n pa kíláàsì náà rẹ́.

Mo bá a lọ́gbà ìgúnkọ̀sí lẹ́yìn náà. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ létí wa pé kí ni èèyàn ń retí lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. Títílayọ̀ ló kọjú sí nígbà tó ń sọ ọ́.

"Títí, kí ló dé tí o ò dárúkọ mi?"

Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè náà kò yé e. "Ẹ̀yin? Báwo ni mo ṣe máa dárúkọ yín níwájú àwọn òyìnbó?" Ó wo aago. "Ó ti tán, Uncle. Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé àwọn ọmọ."

Bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí a jèrè, mo lè tọ́ka sí i: olùkọ́ wa bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n sì fi kọ́ọ̀sì ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, inú mi sì ń dùn sí àwọn tó ń kọ́ ọ. Gbogbo ìyókù di ti ọ̀sán. Àyè Títílayọ̀ ní yunifásítì bọ́, kò sì tún wá a mọ́. Ilé ìtọ́jú yẹn ló ṣì wà.

Mo ti sọ ìtàn yìí láìmọye ìgbà níbi ìpàdé àwa ọmọ Nàìjíríà ní Houston níbí. Ìwà ìkà ìgbìmọ̀ ni mo máa ń tẹnu mọ́, n kì í sì í dárúkọ ojú-ìwé kẹrin. Olùkọ́ wa ti kọ́ wa pé ọkàn a máa tún ìrántí tò kí ẹni tó ni ín lè rí oorun sùn. Ó bi wá nípa rẹ̀ nínú ìdánwò. Máàkì A ni mo gbà.

Láìpẹ́ yìí, mo pàdé Títílayọ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ilé. Ó kúnlẹ̀ kí mi láàárín àpò gààrí bó ṣe máa ń ṣe. Ó wá sọ fún ọmọ náà pé, "Oya, greet Grandpa. They fought for Mummy's school."

"Ẹ káàsán, sir," lọmọ náà wí pẹ̀lú ahọ́n Amẹ́ríkà, ó sì kúnlẹ̀ dáadáa.

Mo dáhùn. Mo tiẹ̀ gbàdúrà fún un. Nígbà tí mo délé, mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí, nítorí ọmọ náà á dàgbà, ó sì lè kà á lọ́jọ́ kan. N kò jà fún ilé ìwé ìyá rẹ̀. Èmi ni mo kọ ìdajì ojú-ìwé kẹrin. Ìyá rẹ̀ bi mí léèrè, mo sì purọ́ fún un.