Kéèkì Elégédé fún Ìkórè Àwọn Ọmọdé

Kí n tó dé Amẹ́ríkà, ohun tí mo mọ̀ nípa elégédé kò pọ̀. Ewé rẹ̀, ìyẹn gbọ̀rọ̀, la fẹ́ràn jù nílé wa. Èso rẹ̀ fúnra rẹ̀, a máa ń sè é jẹ nígbà tí iṣu bá wọ́n, kò sì sẹ́ni tó ń fi pe àlejò. Ìgbà tí mo wá dé Kettering ní ìpínlẹ̀ Maryland, nílé ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀, ni mo rí i tí wọ́n gbé elégédé odindi kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan, ó jókòó síbẹ̀ bí ọdẹ aṣọ́de, títí táá fi jẹrà.

Mo bi ọmọ mi pé, “Ṣé oúnjẹ ni wọ́n fi ń ṣọ́ ilé níbí ni?”

Ó rẹ́rìn-ín títí. “Màmá, ọ̀ṣọ́ ni. Ìgbà ìwọ́wé ti dé nìyẹn.”

Ìgbà ìwọ́wé yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi. Ọdún mélòó kan ni lẹ́yìn tí a wọ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun. Àwọn igi ẹ̀yìn ilé a pọ́n bí ojú ata, afẹ́fẹ́ a fẹ́, ewé a bo ilẹ̀, ọkọ ọmọ mi a sì máa fi réèkì onírin eléyín kó o jọ ní ọjọ́ Sátidé, afẹ́fẹ́ á tún tú u ká. Mo máa ń dúró lójú fèrèsé kíṣìnì, n óo máa wò ó, n óo máa rẹ́rìn-ín sínú. Ilé náà máa ń móoru, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná á máa kùn lábẹ́ ilẹ̀ bí ológbò.

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà náà. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn ni inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Tó bá jẹun, á bì í; tí kò bá bì í, á ká jọ sórí àga, á di ikùn mú. Ọmọ náà gbẹ títí tí ọrùn rẹ̀ fi dà bí ti òròmọdìẹ. Wọ́n gbé e káàkiri ọ̀dọ̀ dókítà kí wọ́n tó mọ̀ pé àlìkámà ni ọ̀tá rẹ̀, ìyẹn nǹkan tí wọ́n ń lọ̀ di fláwà. Wọ́n ní kò sóògùn rẹ̀, àfi kó má jẹ ẹ́ mọ́ láéláé. Ohun tó bá ti kan fláwà pàápàá, kó má kàn án. Bí ó ṣe fi búrẹ́dì sílẹ̀ nìyẹn, àti pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, àti ṣin-ṣin, àti kéèkì.

Ara rẹ̀ bọ̀ sípò. Ojú rẹ̀ ni kò bọ̀ sípò. Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọmọdé ìjọ wa máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ láti jẹ ìpanu. Ìyá rẹ̀ á ti di tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn ìyókù á máa jà sí pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù kan náà, òun á jókòó sí ìkángun tábìlì, á máa jẹ ìrẹsì nínú ike. Nígbà tó yá, ó ní òun kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Inú mọ́tò ló fẹ́ máa dúró sí.

Ìkórè àwọn ọmọdé wá ń bọ̀. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun kò ní lọ rárá. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó halẹ̀ mọ́ ọn, ọmọ kọ̀ jálẹ̀. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Gẹ̀ẹ́sì lòun máa ń sọ sí mi, Yorùbá lèmi fi ń dá a lóhùn, a sì máa ń gbọ́ ara wa yé.

Mo ní, “Ìyá mi, kí lo fẹ́ jẹ níbẹ̀ tí wàá fi lọ?”

Ó ní, “Ohun tí gbogbo wọn bá ń jẹ.”

“Bíi kí ni?”

Ó ní òun rí àwọn kéèkì elégédé kéékèèké kan ní ṣọ́ọ̀bù, tó máa ń jókòó sínú bébà roboto, tí wọ́n ń pè ní mọ́fìn. Ó ní ṣé a lè ṣe èyí tí kò ní fláwà, kí òun gbé e sáàárín tábìlì, kí gbogbo wọn jẹ nínú rẹ̀, òun náà pẹ̀lú wọn?

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ní a ó ṣe é. Mi ò tíì ṣe kéèkì rí láyé mi.

Ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, bó ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ló ra àpò ìyẹ̀fun kan tí wọ́n pò fún àwọn aláìjẹ-àlìkámà. A ṣe é bí wọ́n ṣe ní ká ṣe é. Nígbà tí a yọ ọ́ nínú ófùnù, ojú rẹ̀ dára, àmọ́ bí a ti fọwọ́ kàn án báyìí, ó tú ká.

Ọkọ ọmọ mi wò ó nínú àwo. Ó ní, “Mummy, ṣé ká bomi tútù sí i, ká fi ṣúgà àti ẹ̀pà sí i?”

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Ẹ má dá a lóhùn o jàre, Màmá. Ẹni tí kò lè se omi gbígbóná.”

Ọmọ mi ṣàlàyé fún mi pé ohun kan wà nínú àlìkámà tó ń fà bíi gọ́ọ̀mù, òun ló ń di búrẹ́dì mú. Òun náà ló sì ń ṣe ọmọ wa níbi. Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí wò. Mo ní, ẹ̀wà kò ní gọ́ọ̀mù, àkàrà kì í sì í tú ká. Àkàrà ni ìyá mi fi tọ́ wa n’Íbàdàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ la ti máa ń gbọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ń dún nínú abọ́ ẹ̀wà lílọ̀, pà, pà, pà. Pípò ló ń mú kó wú, òun náà ló ń dì í mú.

Bí mo ṣe wá ìyẹ̀fun ẹ̀wà nìyẹn, mo pò ó mọ́ elégédé àti ẹyin. Ó wú, kò tú ká. Inú mi dùn. Ọmọ-ọmọ mi gbé e sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó tún mú òmíràn.

Ó ní, “Gránmà, ó dùn gan-an. Àmọ́ àkàrà ni.”

Ó tọ́. Òórùn ẹ̀wà ti gba gbogbo ilé. A pinnu pé ìyẹ̀fun ìrẹsì ni yóò pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀wà á kàn jẹ́ díẹ̀ tí yóò máa dì í mú. A fóònù ọkọ ọmọ mi níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Suitland, pé bó bá ti ń bọ̀ kó yà sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ilé wa ní Temple Hills, kó ra ìyẹ̀fun ìrẹsì. Ó wọlé pẹ̀lú àpò funfun kan.

“Mummy, ti ìrẹsì ti tán lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo bá yín ra èyí. Kò sí fláwà nínú rẹ̀, sẹmó ni.”

Kò sẹ́ni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lójú tiwa, fláwà ni ohun tí à ń fi ṣe búrẹ́dì. Òkèlè ni sẹmó, ọbẹ̀ la fi ń jẹ ẹ́, ọmọ ìyá ẹ̀bà ni. Ẹ̀bà àti iyán ni wọ́n sì ń jẹ nílé náà, sẹmó kì í wọbẹ̀. Mo dà á sínú abọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó.

Ọmọ náà jókòó sí tábìlì, ó ń ya àwòrán. Ó fa àpò náà mọ́ra. Láti ìgbà àìsàn rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ pé kó máa ka ara gbogbo nǹkan. Mo rí i tí ìka rẹ̀ ń lọ lórí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, tó sì dúró.

“Gránmà, ẹ dúró.”

Yorùbá ló fi sọ ọ́. Nítorí ìyẹn ni ọwọ́ mi fi dúró nínú abọ́.

Ó gbé àpò náà fún bàbá rẹ̀, kò gbé ìka kúrò lórí ọ̀rọ̀ kan. Bàbá rẹ̀ wò ó. Àlìkámà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àlìkámà gan-an ni wọ́n fi ń ṣe sẹmó. Ọkùnrin náà fa àga, ó jókòó. Kóòtù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ọmọ náà fọwọ́ kàn án léjìká. “Dádì, mi ò tíì jẹ ẹ́.”

Ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó bá da gbogbo rẹ̀ nù. Ó fọ kíṣìnì náà láti orí dé ẹsẹ̀. Pánù kéèkì tí ó ti wà nílé tẹ́lẹ̀, ó gbé e sọ nù, ó ra tuntun. Ṣùgbọ́n ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni pé nígbà tí mo lọ wo ọmọ náà ní yàrá rẹ̀, ó ní òun kò lọ síbi Ìkórè mọ́. Ó ní bí Dádì, tó mọ̀, bá lè ṣì í rà, ta ni kò lè ṣì í gbé fóun ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì?

Mi ò lè parọ́ fún un. Mo ní, “Òótọ́ lo sọ. Ẹnikẹ́ni lè ṣì í. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìwọ lo máa jẹ́ ọ̀gá. Ohun tí o kò bá kà, kò ní wọ inú abọ́ mi.”

Ó wò mí. “Títí kan iyọ̀?”

“Títí kan iyọ̀.”

Ní Sátidé tó ṣáájú Ìkórè, ó gun orí àpótí, ó ka ara gbogbo nǹkan: ìyẹ̀fun ìrẹsì tí ìyá rẹ̀ wá rí níbòmíràn, òróró, oyin, nọ́tímẹ́ẹ̀gì, títí dórí iyọ̀. Èmi ń dúró bí ọmọ iṣẹ́. Mo ti se elégédé náà rọ̀, mo ti dì í sínú aṣọ mímọ́, mo fún omi rẹ̀ jáde bí ẹni ń sẹ́ ògì, nítorí omi rẹ̀ pọ̀, á mú kéèkì rin gbindin. A kò fi ṣúgà sí i. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n la gún mọ́ ọn, pẹ̀lú oyin díẹ̀.

Ẹyin àti ìyẹ̀fun ẹ̀wà la kọ́kọ́ pò. Mo ní kó fọ ọwọ́ rẹ̀, kó kì í bọ inú abọ́.

“Ọwọ́ mi?”

“Ọwọ́ rẹ ni. Apá kan ṣoṣo ni kó o máa pò ó sí, má yí i padà, kí atẹ́gùn tó wọnú rẹ̀ má baà sá.”

A pò ó títí apá fi ro wá. Mo bu omi sínú ife, mo kán díẹ̀ sínú rẹ̀. Ó léfòó; ó ti pò tó nìyẹn. Ọmọ náà kígbe, ó ní kí n tún un kán, mo tún un kán. Lẹ́yìn náà la da ìyókù mọ́ ọn, a bù ú sínú bébà roboto wọ̀nyẹn. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú ófùnù, ó ń wò ó nínú dígí títí orí wọn fi yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òórùn nọ́tímẹ́ẹ̀gì àti elégédé bo ilé náà. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn yẹn, ẹ̀yìn ọrùn ọmọ yẹn ni mo máa ń rí.

Ọjọ́ kejì, ó wọ mọ́tò, abọ́ náà wà lórí itan rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀, tábìlì àwọn ọmọdé ti kún. Kéèkì ńlá kan tó ní ọ̀ṣọ́ mèremère wà láàárín. Tiwa dúdú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà gbé e kalẹ̀, kò kúrò nídìí rẹ̀. Ìyá àgbà kan tó ń ṣètò àwọn ọmọdé wá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kéèkì ńlá yẹn tán, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ kúuṣẹ́ o, Màmá! Ẹ jẹ́ kí n gé e sí méjì-méjì, kó lè kárí.”

Ọmọ náà kígbe pé, “Rárá!”

Gbogbo ojú yí padà. Mo gbọ́ tí obìnrin kan lẹ́yìn mi ń sọ pé, “Àgbàlagbà ló ń kígbe mọ́ yẹn?” Ìyá rẹ̀ ti ń dìde láti bá a wí. Àfi bí ọmọ náà ṣe kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú ìyá àgbà náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá Yorùbá tó ní jọ.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà. Ọ̀bẹ yẹn ti kan fláwà. Inú á run mí. Mo fẹ́ jẹ pẹ̀lú wọn.”

Ìyá àgbà náà gbé ọ̀bẹ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gbé ọmọ náà dìde. “Dìde, ọkọ mi. Kí wá ni ká fi mú un?”

“Ọwọ́ mà. Àmọ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́.”

Ìyá àgbà bá pàtẹ́wọ́. “Ẹ̀yin ọmọ! Ẹni tó bá fẹ́ kéèkì yìí, kó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀!”

Wọ́n sá lọ síbi omi, wọ́n ń ti ara wọn. Wọ́n padà pẹ̀lú ọwọ́ tútù, omi ń kán sílẹ̀, wọ́n sì ń mú un. Mo rí ọmọ-ọmọ mi láàárín wọn, ó ki ẹnu bọ tirẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Ọmọbìnrin kan ń sọ fún un pé kò dùn tó kéèkì ńlá yẹn, síbẹ̀ ó tún mú ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ-ọmọ mi ń bá a jiyàn pẹ̀lú ẹnu kíkún, èérún ń fò jáde.

Ìyá rẹ̀ wá jókòó tì mí. Ó di ọwọ́ mi mú lórí itan rẹ̀.

Nígbà tó ṣe, ọmọ náà sáré wá bá wa. Ó ní kéèkì wa ti tán. Ó ní wọ́n ń béèrè ohun tí òun máa gbé wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ni kí òun sọ fún wọn? Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti ń pè é nídìí tábìlì, ó sì ti sá padà lọ.