Ọkọ̀ Tí Mo Tú ní Pobẹ̀

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí a gba òmìnira ni òyìnbó tó ń mójú tó oko ọ̀pẹ ní Pobẹ̀ di ẹrù rẹ̀, ó ń lọ sílé. Èmi ni mo máa ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Kò lè gbé ọkọ̀ náà lọ, torí kùkùté igi ti fọ́ ọ nísàlẹ̀, ara rẹ̀ sì ti dógùn-ún débi pé bí ènìyàn bá jókòó sínú rẹ̀, yóò máa rí ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi í ta mí lọ́rẹ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan pé ẹni tó bá mú ìwé náà lọ́wọ́ ló ni ọkọ̀.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Ṣakẹ́tẹ́, káfíńtà ni. A jọ gbé ní Àjàṣẹ́ nígbà tí oníkálukú wa ń kọ́ṣẹ́, ẹní kan náà la sì ń sùn lé fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tó wá wo ọkọ̀ náà, ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì.

"Ara rẹ̀ ti kú," ó ní, "ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣì yè. Tú nǹkan inú rẹ̀ fún mi, màá fi ìrókò kan ara tuntun fún un. A ó máa fi kó ẹrù àwọn ará Ìsàbà lọ sọ́jà Ṣakẹ́tẹ́."

"Ti àwa méjèèjì?"

"Ti ta ni ì bá jẹ́?"

Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn ni mo fi tú u. Kílé mẹ́rin péré ni mo ní láti fi tú nọ́ọ̀tì. Èyí tó bá ti dógùn-ún mọ́ra, màá da epo àtùpà sí i lónìí, màá padà wá bá a lọ́la. Inú agolo mílíìkì ni mo ń kó wọn sí, agolo kan fún ẹsẹ̀ iwájú, òmíràn fún ọwọ́ ọkọ̀. Mótéè, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ẹ́ńjìnnì, ló yọ mí lẹ́nu jù. Mo fi okùn so ó mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò láti fà á sókè. Okùn yọ̀, irin náà sì tẹ ìka mi kan fọ́. Ìyàwó mi fi àkísà dì í.

"Ẹ ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ yín, kó wá wo ohun tó ṣe yín."

Mo ní kò tó ohun tí à ń ránṣẹ́ lé lórí.

Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo bá ọkọ̀ akẹ́rù kó àwọn nǹkan náà lọ sí Ṣakẹ́tẹ́. Èmi náà ni mo tò wọ́n padà sórí irin ìsàlẹ̀ tuntun tí ó rà, nínú àgbàlá rẹ̀, òun sì fi ìrókò kan ara lé e. Lọ́jọ́ tí mótéè kọ́kọ́ dún, àwa méjèèjì jókòó sórí ilẹ̀, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ọ̀rẹ́ mi kàwé, èmi ò kàwé. Ó ní kí n mú ìwé tí òyìnbó kọ fún mi wá, kí òun lọ gba ìwé ọkọ̀ wa ní Àjàṣẹ́. Mo fún un. Ó dé, ó ní ó ti parí. N kò béèrè pé kí n rí i.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún òmìnira, mo wọ aṣọ tó dáa lọ sí Ṣakẹ́tẹ́. Ọkọ̀ wa tẹ̀ lé àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń yan, ọ̀rẹ́ mi ló ń wà á, ó ti kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Ọ̀gá ìjọba kan dá a dúró.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, mùsé," ọ̀rẹ́ mi dá ọ̀gá náà lóhùn.

"Ìwọ nìkan?"

Ọ̀rẹ́ mi gbójú sókè, ó rí mi láàrin èrò, ojú wa ṣe mẹ́rin.

"Èmi nìkan."

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Kí n tó mọ̀, èmi náà ti ń pàtẹ́wọ́.

Lọ́sàn-án, mo lọ bá a nílé. Ìyá rẹ̀, tó máa ń pè mí lọ́mọ, gbé oúnjẹ síwájú mi. Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi mú ìwé ọkọ̀ wá. Tíṣà kan tó ń gbé ilé náà bá mi kà á. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kì í ṣe tèmi.

"Orúkọ ẹnì kan ni wọ́n ń kọ," ọ̀rẹ́ mi ní.

"Èyí tí o sọ níwájú ọ̀gá ìjọba ńkọ́?"

"Títú lo tú u. Ta ni kò lè tú nǹkan? Èmi ni mo kàn án."

Mo wo ìyá rẹ̀. Ó gbé àwo kúrò níwájú mi. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Pobẹ̀.

Nígbà òjò, ìyàwó ọ̀rẹ́ mi wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi. Ọkọ̀ ti dúró lọ́nà Ìsàbà, ìyá arúgbó kan tí ara rẹ̀ kò yá sì wà nínú rẹ̀. Mo gbé kílé mi, mo tẹ̀ lé e. Ìdọ̀tí ló dí ojú ọ̀nà epo. Mo fi ẹnu fẹ́ ẹ jáde, mótéè dún. Ọ̀rẹ́ mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sún mọ́ mi. Bí wọ́n ṣe ń lọ, mo gbọ́ tí èrò kan ń bi í pé ta ni mí.

"Mẹkaníìkì kan ni," ó ní, "ará Pobẹ̀."

Ìyàwó mi ní kí n pè é lẹ́jọ́ níwájú àwọn àgbà. N kò ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, pé àwa méjèèjì la ṣe ọkọ̀ náà, kò sí àgbà tó lè fipá mú un sọ ọ́. Nígbà tó yá, ó kó lọ sí Kútọnu. N kò rí i mọ́.