Ọjọ́ tí Àáró Kàn Mí

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo purọ́ lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́yìn àdúrà.

Ìgbà tí oko di ibi ìbẹ̀rù lágbègbè wa ni. Láti apá ìlú Bàbáńlá ni ìròyìn burúkú ti ń dé: àwọn ajínigbé gbé èèyàn lórí ebè, wọ́n gbé èèyàn lójú odò. Iṣu gbó, ewé rẹ̀ gbẹ, kò sẹ́ni tó fẹ́ dá nìkan lọ wà á. Olùṣọ́àgùtàn wa wá dábàá pé ká máa ṣe àáró bíi ti àwọn bàbá wa. Lẹ́yìn àdúrà àárọ̀, gbogbo wa á kọrí sí oko ẹnì kan ṣoṣo, ọdẹ méjì á dúró ní igun oko, a ó sì wa iṣu rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Lọ́jọ́ mìíràn, oko ẹlòmíràn ló kàn. Ẹni tó bá lọ sí oko ẹnìkejì rẹ̀ ni wọ́n á bá lọ sí tirẹ̀, kò sí àwíjàre níbẹ̀.

Èmi ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, opó ni mí, ohùn mi sì ń lọ sókè dáadáa. Èmi ni mo máa ń gbàdúrà fún wọn kí wọ́n tó gbéra. Màá ní kí Olúwa lé ẹ̀rù jìnnà sí wọn, kó fi ọkàn wọn balẹ̀. Wọ́n á ṣàmín, wọ́n á gbé ọkọ́ lé èjìká. Èmi á wá fọwọ́ mú orókùn, màá ní ó tún ti ń ro mí, màá sì yà sọ́nà ilé. Orókùn tí mo fi ń gun òkè lọ sọ́jà láìsinmi ni mò ń sọ o. Ojú ń tì mí, àmọ́ ẹ̀rù náà ju ìtìjú lọ.

Àwọn ọmọ mi ní Èkó ń pè lójoojúmọ́ pé kí n fi oko sílẹ̀, kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Màá ní Ọlọ́run ń bẹ pẹ̀lú mi níbí. Bí mo bá ti gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, màá lọ ti ilẹ̀kùn pa.

Oko tèmi ló jìnnà jù, ó wà ní òdìkejì odò. Iṣu ibẹ̀ ni oúnjẹ mi, òun náà ni èbù tí màá gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tó kàn mí, mo bá ara mi rò ó: mi ò bá ẹnikẹ́ni lọ, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa bá mi lọ. Iṣu á jẹrà, màá sì rí àwọn èèyàn dá lẹ́bi. Ká sọ tòótọ́, mò ń gbàdúrà kí wọ́n má wá. Mi ò tiẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ilé ni wọ́n wá bá mi, bí ẹni mẹ́sàn-án, tọkọ́tọkọ́. Obìnrin kan ló ṣáájú wọn. Ó sá wá láti apá Bàbáńlá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, kíláàsì kan nílé ìwé ìjọ ni wọ́n ń sùn. Oko ni wọ́n ti gbé ọkọ rẹ̀, kò tíì padà dòní. Obìnrin yìí ò ní oko lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó lè bá a ṣe àáró padà, síbẹ̀ ó ti lọ sí oko mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo yẹ̀. Inú bí mi nígbà tí mo rí i. Kí ló wá ń wá?

Mo ní kí wọ́n máa lọ sílé, pé ọ̀nà jìn.

“Ìyá tíṣà,” obìnrin náà wí, “ẹ̀rù ń ba èmi náà. Bó ṣe ń bà mí yìí náà ni mo ṣe ń lọ. Ẹ bọ́ síta.”

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní orókùn ò dùn mí, ẹ̀rù ni. Bàbá ìjọ kan tó wà lẹ́yìn ní àwọn ti mọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kí n ṣáà mú ọkọ́.

A ti wa iṣu náà tó ìdajì nígbà tí a gbọ́ ìró ọ̀kadà lókè odò, ó sì ju ẹyọ kan lọ. Gbogbo wa dọ̀bálẹ̀ sáàárín ebè. Erùpẹ̀ wọ̀ mí lẹ́nu. Mo wá àdúrà tí mo máa ń gbà fún àwọn èèyàn, mi ò rí i. Ohun tó jáde ò ju pé, “Olúwa, ẹ̀rù ń bà mí, má lọ.” Mo tún un sọ, mo tún un sọ. Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù náà ò lọ. Àmọ́ mo mọ̀ dájú pé kì í ṣe èmi nìkan ni mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, Ọlọ́run wà níbẹ̀.

Ìró náà kọjá lọ. A ò mọ àwọn tó gun ọ̀kadà náà títí dòní. Àwọn ọdẹ ní ká yàn bóyá ká máa lọ sílé tàbí ká wa èyí tó kù. Èmi ni mo kọ́kọ́ dìde mú ọkọ́. Iṣu tí mo ṣá lọ́gbẹ́ pọ̀.

Nígbà tí a ń di iṣu sínú àpò, mo sọ fún obìnrin náà pé kó mú ilẹ̀ nínú oko mi, láti ìdí máńgòrò dé etí odò, kí òun náà lè ní ọjọ́ àáró tirẹ̀. Ó dúpẹ́, àmọ́ ó mi orí pé rárá. Ó ní òun ní oko, pé iṣu ọkọ òun ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀.

“Lọ́jọ́ tí mo bá padà síbẹ̀, ṣé ẹ máa bá mi lọ?”

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní màá lọ.

Àná ni obìnrin náà wá sọ fún mi pé àwọn kan láti ìlú wọn ti ń padà, Ọjọ́bọ̀ ni òun náà máa lọ. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Mo ti pọ́n àdá mi.