Àyè Tó Ṣófo Lára Pátákó

Bàbá Pápá kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kíláàbù tẹ́nìsì tó ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógójì ló fi tọ́jú pápá wọn. Òun ló ń gé koríko, òun ló ń fa ìlà funfun, òun náà ló ń gun àkàsọ̀ lọ́dọọdún láti fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ àwọn tó gba ife sára pátákó ńlá inú gbọ̀ngán.

Àyè kan ṣófo lára pátákó yẹn. Ẹni méjì ló máa ń jọ gba ife náà, àmọ́ ọdún kan wà tó jẹ́ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ àṣekágbá ọdún náà, lọ́yà kan tó yẹ kó wà lára àwọn méjì tó máa gbá a ò yọjú rárá. Ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n jọ fẹ́ gbá a sáré wá bá Bàbá nídìí koríko tó ń bomi rin: "Bàbá, ẹ gbà mí o!" Bàbá ló kúkú kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di rákẹ́ẹ̀tì mú. Ó bọ́ bàtà òjò sílẹ̀, ó yá bàtà ẹlòmíì wọ̀, àwọn méjèèjì sì lu àwọn tó kojú wọn bí ẹni lu bàrà. Ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ bá ní òfin ò gbà kí orúkọ òṣìṣẹ́ wọ pátákó. Òfin! Ọ̀dọ́kùnrin náà di Bàbá lọ́wọ́ mú, omi lójú ẹ̀: "Ọjọ́ tí mo bá di alága, orúkọ yín á wọ ibẹ̀. Mo búra."

Ó di alága lóòótọ́. Ìyàwó Bàbá ní, "Ṣé ẹ ò ní rán an létí ni?"

"Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ò ní gbàgbé," ni Bàbá fèsì.

Nígbà tí kíláàbù pé ọgọ́rùn-ún ọdún, Alága pè é sí gbọ̀ngán. "Bàbá, ẹ bá wa dí àyè yẹn lónìí." Ó na ìwé kékeré kan sí i. Orí Bàbá wú. Ó gun àkàsọ̀, ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ìwé náà wò.

Orúkọ lọ́yà ni. Lọ́yà tí ò yọjú!

"Alága, àbí ẹ ṣi ìwé mú ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Òun ló forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje. Ẹ sáà mọ òfin wa." Ilẹ̀ ló ń wò.

Áà! Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó dun Bàbá wọ egungun. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì náà lé Alága lọ́wọ́.

"Èmi àtẹ̀yin la jọ wà lórí pápá lọ́jọ́ yẹn. Ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́."

Alága dúró síwájú àkàsọ̀, ọ̀dà ń kán sórí bàtà funfun ẹ̀, kò sì rí i gùn.